Ìpẹtà Tí Kò Jẹ Irin

Àwòrán alààyè ni ènìyàn ń yà. Bí ẹnìkan bá ní kí o wá ya òkú fún òun, kí o sì ya gbogbo egbò ara rẹ̀ mọ́ ọn, kọ́kọ́ bi í pé ta ló pa á. Ohun tí Ata-Wẹ́wẹ́ rò nìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù pé kí ó bá òun ṣe ère ọkọ̀ bàbá wọn.

"Ọkọ̀ náà ti kọjá àtúnṣe," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. Àwọn tó ń ra irin àlòkù á wá wọ́ ọ lọ ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Mo wá ní kí o ṣe kékeré rẹ̀, kí ó lè wà lọ́dọ̀ Màmá."

"Kí n ṣe é bí ó ṣe rí nígbà tí Bàbá ń wà á?"

"Rárá o. Bí ó ṣe wà báyìí ni. Gbogbo ìpẹtà rẹ̀, má fi ẹyọ kan sílẹ̀. Mo ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ."

Ata-Wẹ́wẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó rí ejò lórí àga. Ta ló ń fi egbò ṣe ìrántí? Ẹni tó fẹ́ rántí bàbá rẹ̀ á ní kí wọ́n kun ọkọ̀ náà kó máa dán, kí wọ́n nu bọ́ńpà rẹ̀ kó máa kọ mànà bí dígí. Ẹni tó bá ní kí o ṣe ìpẹtà, ẹlẹ́rìí ló ń wá.

Wọn kò sọ obìnrin náà ní Ata-Wẹ́wẹ́ lásán. Ó kúrú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá la ẹnu, ojú ẹni tó wà nítòsí á ṣomi. Eyín ni iṣẹ́ rẹ̀. Nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn ni ó ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí tiwọn ti ká. Nígbà tó bá sì dé ilé, á tún jókòó ti ère ọkọ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó bàjẹ́, ó tún un ṣe, ó tún bà á jẹ́, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Tábìlì tí àwọn ẹlòmíràn fi ń jẹun ni ó fi ń ṣiṣẹ́, orí itan rẹ̀ ni ó ń gbé àwo oúnjẹ sí.

Ní ti ìfura, kò rà á lọ́jà, ogún ni. Nígbà tí wọ́n sin Bàbá tán, Màmá pe àwọn ọmọ méjèèjì jókòó, ó ní, "Mò ń wò yín o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan ọkọ mi, mo mọ̀ pé òun ló ti ń dúró dè é." Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó jẹ́ gbé ife tí Bàbá fi ń mu omi kúrò níbi tó wà. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń bẹ ní ìdí aṣọ Màmá. Òun ló ń wa ọkọ̀ náà lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn fún Ata-Wẹ́wẹ́ lórí fóònù pé ọkọ̀ kò dáhùn mọ́. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ìpẹtà ni," ni Màmá wí. "Mo fọwọ́ kàn án. Ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki bí èèpo igi."

Ata-Wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi abẹ gé àwọn ẹ̀yà pílásítíkì, ó fi sáńpépà ha wọ́n, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀ títí ọkọ̀ náà fi jókòó sórí táyà rẹ̀, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, pẹ̀lú imú gígùn àti ìdí bèǹbè tí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ máa ń ní. Ó wá kan kíkun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpẹtà kò le, sùúrù ló gbà. Ó kọ́kọ́ kun gbogbo ara ọkọ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Ó fín nǹkan tí àwọn obìnrin fi ń mú irun dúró sí i lára. Ó fi omi tọ́ ibi tó fẹ́ kí ìpẹtà wà, ó bu iyọ̀ wọ́n ọn. Lẹ́yìn náà ni ó wá fín àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọkọ̀ Bàbá, bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́. Iyọ̀ yọ́, ó ṣí àwọ̀ ewé kúrò, pupa abẹ́ rẹ̀ sì yọjú bí egbò.

Bó ṣe ń ṣe èyí, ó tẹ́ àwọn fọ́tò sílẹ̀ láti máa wò wọ́n, kí egbò kọ̀ọ̀kan lè bọ́ sí àyè rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ.

Ìpẹtà máa ń sunkún. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sí i, ó máa ń ṣàn sísàlẹ̀, á fi ìlà pupa sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn bí omijé. Ìpẹtà inú fọ́tò wọ̀nyí kò sunkún rárá. Ó kàn jókòó sójú kan bí àlejò tí kò mọ ará ilé.

"Bóyá inú gáréèjì ni," ni ó sọ fún ara rẹ̀. "Òjò kò rí i."

Ó tún wo fọ́tò mìíràn. Bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, àlùmíníọ̀mù ni. Bàbá máa ń fi aṣọ nu ún kó máa dán, á ní, "Gbogbo ara ọkọ̀ yìí lè jẹrà, ẹni yìí kò ní jẹrà." Nínú fọ́tò, pupa wà lára rẹ̀. Ta ló rí àlùmíníọ̀mù tó ní ìpẹtà pupa rí?

Ó mú awò tí ó fi ń wo eyín, ó tẹ̀ mọ́ fọ́tò náà. Ó wo etí àwọn egbò náà. Igun ni wọ́n ní. Igun kéékèèké mẹ́rin-mẹ́rin, bí hóró iyọ̀.

Ata-Wẹ́wẹ́ sọ búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó ń wò. Ṣebí ẹ̀gbọ́n kan náà ló ń wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ká ẹsẹ̀ lé ara wọn, tó ń béèrè pé, "Àbúrò mi, kí ni iyọ̀ wà fún? Bí ènìyàn bá fẹ́ kí ó ṣáki ńkọ́?" Inú rẹ̀ dùn nígbà náà débi pé oúnjẹ jóná mọ́ ọn lórí iná. Ní gbogbo ayé rẹ̀, kò tíì sí ará ilé wọn tó béèrè nǹkan kan nípa iṣẹ́ yìí, àfi bí wọ́n bá ń bi í pé nígbà wo ni yóò kó pàǹtí rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Ó kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀. Ó tilẹ̀ sọ fún un pé bí ó bá fẹ́ kí ó ṣáki, kí ó po yanrìn kúnná mọ́ ọ̀dà.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Gbogbo rẹ̀ wá tò lójú rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò ní nǹkan kan tó ṣe é. Irú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́ láyé, àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ sì ń wá a bí ẹni ń wá ẹ̀mí. Ẹ̀gbọ́n kun ọkọ̀ alààyè bí òkú, kí Màmá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n gbé e lọ. Èyí tó wá dun Ata-Wẹ́wẹ́ jù ni ère náà. Òun ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́la, wọn á na ọwọ́ sí i: ẹ wò ó, bó ṣe rí nìyẹn, àbúrò rẹ̀ gan-an ló ṣe é.

Ó pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ìyàwó, ẹ kú ilé o."

"Ẹ ǹ lẹ́ o, ọkọ mi."

"Ṣé iyọ̀ yín ti tán?"

"Iyọ̀ kẹ̀?"

"Iyọ̀ oníhóró. Ó jọ pé ẹnìkan ń gbé e lọ sínú gáréèjì."

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀wọ́, mi ò sí láàárín ọmọ ìyá méjì. Nǹkan ń jóná lórí iná mi."

"Kí ló ń jóná?"

"Omi," ni ìyàwó wí, ó sì pa fóònù.

Bí omi bá ti ń jóná, ọ̀rọ̀ ti dé góńgó. Lọ́jọ́ kejì, Ata-Wẹ́wẹ́ ti ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́, ó gbé ère ọkọ̀ sínú páálí, ó mú ìgò omi tó ní ẹnu ìfín, ó mú aṣọ ìnuǹkan. Ọ̀sán gangan ni ó wọ ilé Bàbá, níbi tí Màmá ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó rẹ̀.

Màmá wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kó tó kí i tán, Màmá ti sọ pé, "Ata, gìgísẹ̀ bàtà rẹ ti jẹ. Ẹsẹ̀ òsì."

"Ẹ kú ojú lọ́nà, Màmá. Mo gbé ọkọ̀ Bàbá wá fún yín."

Màmá na ọwọ́ méjèèjì. Ó gba ère náà sórí itan, ó ń fi ìka tọ́ ọ láti imú dé ìdí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Ata-Wẹ́wẹ́ rò pé ìfẹ́ ni.

"Ó kéré o," ni Màmá wí. "Gíláàsì rẹ̀ rèé. Ibi tí bàbá yín máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé rèé." Ìka rẹ̀ dé ibi ìpẹtà, ó dúró. "Kò ṣáki."

"Bó ṣe kéré tó yẹn, Màmá, kò lè ṣáki. Ìpẹtà tòótọ́ máa ń jẹ wọnú ni. Kì í wú bí èépá."

"Ti ọkọ̀ wú."

"Ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ gan-an nìyẹn. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Wọ́n dé ẹnu gáréèjì, ẹ̀gbọ́n ti yọ láti ẹ̀yìn ilé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ní ọṣẹ. Ọkùnrin gàǹgà ni, ohùn rẹ̀ ló kéré. Ìyàwó rẹ̀ ń fọ aṣọ ní àárín àgbàlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ ojú ọ̀run kan tó kún fún omi. Bí ó ti rí Ata-Wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ìgò omi lọ́wọ́, ó nu ọwọ́, ó wọlé lọ, ó fi aṣọ sílẹ̀.

"Níbo lẹ ń lọ?" ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Ibi òkú," ni Ata-Wẹ́wẹ́ wí. "Mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ."

"Àbúrò, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ná."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ yẹra lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá jalè kì í dúró ti ilẹ̀kùn."

Ó yẹra. Ata-Wẹ́wẹ́ fín omi sí ara bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dúró díẹ̀ kí ó rẹ, ó tẹ aṣọ mọ́ ọn, ó fà á. Aṣọ náà di pupa. Yanrìn já wálẹ̀ wèrèwèrè. Lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ewé Bàbá yọ, ó ń kọ mànà.

"Ẹ wò ó, Màmá."

Màmá dúró, ojú rẹ̀ wà lára ọkọ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i. Mo ní kí o sọ ọ́."

"Ọ̀dà olómi ni. Ọ̀dà, iyọ̀ àti yanrìn. Kò sí ìpẹtà kankan. Ọkọ̀ yín yè, wọ́n fi ọwọ́ pa idà yín lójú." Ó mú ọwọ́ Màmá, ó gbé e lé ibi tó mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ Màmá lọ, ó bọ̀. Ó dán.

Màmá kò yí ojú wo ẹ̀gbọ́n. "Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, Màmá," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Kí lo fẹ́ fi ọkọ̀ ọkọ mi ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ́," ni Ata-Wẹ́wẹ́ gbà á lẹ́nu. "Ó ti ní ẹni tó fẹ́ gbé e fún. Páńsá ò fura, páńsá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn. Bó bá jẹ́ pé mi ò fura ni, èmi gan-an ni ǹ bá ti ṣe pósí rẹ̀."

Màmá ni ẹ̀gbọ́n kọjú sí. "Ẹ sọ ti òdòdó aládùúgbò fún un."

"Ọkùnrin yẹn ló gbé òdòdó rẹ̀ sọ́nà."

"Inú ọgbà rẹ̀ ni òdòdó wà, Màmá. Ẹ̀yin lẹ gba inú ọgbà kọjá. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò níbi tí táyà yín gbà ni. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mi ò sọ fún ẹnì kan."

"Kí lo ń sọ gan-an?"

Ẹ̀gbọ́n na ìka sí ojú ara rẹ̀, ó wo àbúrò. Ata-Wẹ́wẹ́ wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó rín ẹ̀rín tí kò dùn. "Ojú Màmá ló wá kù tí ẹ fẹ́ fi bo iṣẹ́ yín. Ojú tó rí gìgísẹ̀ bàtà mi láti ẹnu ọ̀nà. Màmá, kọ́kọ́rọ́ dà? Géètì wà ní títì, inú àgbàlá la wà. Ẹ wà á, kí ojú tì í."

"Àbúrò, mo bẹ̀ ọ́."

"Bátìrì ni kí ẹ bẹ̀. Ẹ̀yin lẹ yọ wáyà rẹ̀, àbí ìpẹtà ló yọ ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n wo ìyá rẹ̀. Màmá ti fa kọ́kọ́rọ́ yọ ní ìdí aṣọ, ó nà án síwájú bí ẹni na ọ̀pá. Ẹ̀gbọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó so wáyà náà padà, ó sì lọ dúró ti ògiri.

Màmá jókòó sídìí sítíárìn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ló kọ́ ọ pé ẹ̀yìn ni kí ó máa fi wọ gáréèjì, kí ó lè jẹ́ pé iwájú ni yóò fi jáde. Màmá sì jáde jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárìn bí ọwọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ata-Wẹ́wẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti inú gíláàsì, ó ń wá ìtìjú lójú rẹ̀. Kò rí i. Ìbẹ̀rù ni ó rí, ẹ̀gbọ́n kò sì wo òun. Àárín àgbàlá ni ó ń wò.

Ata-Wẹ́wẹ́ wo ibẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù wà níwájú wọn. Ó dúró de ìgbà tí Màmá máa yà. Dúrọ́ọ̀mù ga dé àyà ènìyàn, àwọ̀ rẹ̀ ń pariwo, kò sì sí nǹkan mìíràn nínú gbogbo àgbàlá. Màmá kọjú sí i tààrà, ó ń rẹ́rìn-ín, kò yà.

"Màmá, dúrọ́ọ̀mù."

"Dúrọ́ọ̀mù wo?"

Ata-Wẹ́wẹ́ fa bíréèkì ọwọ́. Ó ti pẹ́ jù díẹ̀. Ọkọ̀ gbá dúrọ́ọ̀mù gbì, omi dà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣan pupa àti yanrìn wálẹ̀ ní ìlà gígùn-gígùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìpẹtà náà sunkún.

Màmá pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀lé ara ọkọ̀ láti ilẹ̀kùn dé iwájú, ó dé ibi tí irin ti tẹ̀ wọnú. Ó fi ìka wọ inú rẹ̀. Ó tún fi wọ̀ ọ́.

"Eléyìí kì í ṣe ọ̀dà," ni ó wí.

Ata-Wẹ́wẹ́ sọ̀kalẹ̀. "Màmá, láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. O kàn ń kí mi lórí fóònù ni. Gìgísẹ̀ bàtà rẹ yẹn, etí ni mo fi gbọ́ ọ." Ó kọjú síbi tí èémí ẹ̀gbọ́n ti ń dún. "Ìwọ tó wà nílé, o rí i pé mi ò ríran, o lọ ń kun ọkọ̀. Ẹ̀tẹ̀ lo fi sílẹ̀ tí ò ń pa làpálàpá."

"Ẹ̀rù yín ló bà mí, Màmá. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan Bàbá..."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò sì tíì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Ata-Wẹ́wẹ́ nu omi kúrò lójú, ṣùgbọ́n ata kì í pẹ́ gbóná padà. "Bọ̀ọ̀dá, mo ti gbọ́ ti ojú. Mi ò tíì gbọ́ ti àwọn oníirin. Níbo ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ yìí lọ?"

"Kò sí oníirin kankan. Gáréèjì ọ̀rẹ́ mi ni."

"Kí ó lọ ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Kí ó kàn wà níbẹ̀."

"Kí ó kàn wà."

"Èmi náà fẹ́ gbọ́ ìyẹn," ni Màmá wí.

Ẹ̀gbọ́n ń wo ọṣẹ tó ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Mo rò pé," ó ní, "bí n bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo lè máa yà síbẹ̀. Kí n máa wà á yípo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá kò jẹ́ kí n wà á rí."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Ata-Wẹ́wẹ́ wí.

"Ìwọ, pa ẹnu dé," ni Màmá wí. "Ta ló kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ní kíkun?"

Ata-Wẹ́wẹ́ wo ilẹ̀. "Èmi ni."

"Mo mọ̀. Kò ní ọgbọ́n iṣẹ́ yẹn nínú ara rẹ̀." Màmá dì kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ìdí aṣọ, ó so ó ní kókó méjì. "Mi ò ní wà á mọ́. Mo ti fọwọ́ kan ìdí tí mi ò fi ní wà á. Ṣùgbọ́n mi ò gbé e fún ẹnì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ ọkọ mi, kí ó wá dúró síwájú mi, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè."

Omi ń kán láti ara bọ́ńpà. Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò, àbúrò wo ẹ̀gbọ́n, olúkúlùkù ń ṣọ́ ẹnu èkejì.

"Màmá," ni àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ ná," ni Màmá wí. Ó na ọwọ́ sí ògiri, ó sì tẹ̀lé e wọlé lọ.